Kíkọ́ ọ̀rọ̀ oògùn àti kẹ́míkà ní èdè Japan: ibo ni kí n ti mú un?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Nagoya

Ẹ kú ìjokòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yege ìdánwò èdè Japan ti ìpele N3, mo lè rajà, mo sì lè bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, àmọ́ páálí oògùn àti ìgò kẹ́míkà kò ṣeé kà fún mi rárá. Oṣù kẹrin ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn. Ọ̀rọ̀ tí ìwé àti láàbù ń lò ni mo ń wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ nílé. Ibo ni kí n ti mú un, kí ni mo sì lè fi sílẹ̀ ná?

Apoògùn_Kobe

Káàbọ̀, àbúrò. Ìdí ọ̀rọ̀ ni kó o ti mú un. Ṣe ni wọ́n máa ń so kánjì, lẹ́tà tó ń gbé ìtumọ̀, pọ̀ mọ́ra: èyí tó gbẹ̀yìn ló ń sọ irú ohun tó jẹ́, àwọn tó ṣáájú ló ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe tàbí bí wọ́n ṣe po ó. Bó o bá ń há ọ̀rọ̀ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní tán.

Ìdí méjì tó ṣe kókó jù ni 剤 (zai) àti 薬 (yaku). 剤 ni ohun tí wọ́n ti po tán fún ìlò, ì báà jẹ́ oògùn, ì báà jẹ́ ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ ìfọṣọ fi jẹ́ 洗剤 (senzai), tí oògùn apakòkòrò jẹ́ 殺虫剤 (satchūzai), tí èyí tó ń pa koríko sì jẹ́ 除草剤 (josōzai). 薬 ní tirẹ̀ ni oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lára.

Bí oògùn ṣe rí, 剤 ló ń tò ó: 錠剤 (jōzai) ni oníhóró; 散剤 (sanzai) ni ẹlẹ́bú; 顆粒剤 (karyūzai) ni èyí tó rí wóróworo bíi gaàrí; 液剤 (ekizai) ni olómi; 注射剤 (chūshazai) ni ti abẹ́rẹ́; 吸入剤 (kyūnyūzai) ni èyí tí a ń fà símú; 貼付剤 (chōfuzai) ni èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara; 坐剤 (zazai) ni èyí tí a ń kì bọ ìdí. Ti ìkẹyìn yìí, fi sọ́kàn pé ó wà níbẹ̀, nítorí 坐 jọ ìjókòó, àwọn kan sì ti rò pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó gbé oògùn náà mì.

Bí wọ́n bá ń pín oògùn sí ọ̀wọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, 薬 ni ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń lò: 降圧薬 (kōatsuyaku) fún ẹ̀jẹ̀ ríru, 利尿薬 (rinyōyaku) tó ń mú kéèyàn tọ̀, 抗菌薬 (kōkin'yaku) fún bakitéríà, 抗マラリア薬 (kō-mararia-yaku) fún ibà. Wàá rí 降圧剤 náà, àṣìṣe kọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ bá kọ, lo 薬 fún ọ̀wọ́, kó o fi 剤 sílẹ̀ fún bí oògùn ṣe rí.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù_Osaka

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, méjìméjì ni kó o máa kọ́ wọn, ti ẹnu àti ti ìwé, nítorí aláìsàn kò ní sọ ti ìwé fún ọ, ìwé kò sì ní kọ ti ẹnu.

Oògùn ara gbígbóná: ẹnu ń sọ 熱さまし (netsusamashi), ìwé ń kọ 解熱剤 (genetsuzai).
Oògùn ara ríro: 痛み止め (itamidome), 鎮痛剤 (chintsūzai).
Oògùn ikọ́: 咳止め (sekidome), 鎮咳薬 (chingaiyaku).
Oògùn ìgbẹ́ gbuuru: 下痢止め (geridome), 止瀉薬 (shishayaku).
Oògùn èébì: 吐き気止め (hakikedome), 制吐薬 (seitoyaku).
Oògùn ojú: 目薬 (megusuri), 点眼剤 (tenganzai).

Ẹnu ń fi 止め parí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìwé ní tirẹ̀ ń yan kánjì ìbẹ̀rẹ̀ tó bá iṣẹ́ oògùn mu: 鎮 (chin) ń pẹ̀rọ̀, 制 (sei) ń kó níjàánu, 止 (shi) ń dá dúró, 抗 (kō) ń kọjú ìjà sí, 解 (ge) ń tú. Mọ márùn-ún yìí dáadáa, wàá lè fojú bù ọ̀rọ̀ tó ò tíì rí rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kíkà. 解 tí gbogbo ayé ń kà sí "kai", "ge" ni nínú 解熱 (genetsu) àti 解毒 (gedoku), ìyẹn pípa oró májèlé. Síbẹ̀ 解剖学 (kaibōgaku), ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, padà sí "kai". 頭痛 (zutsū) ni ẹ̀fọ́rí, kì í ṣe "tōtsū". 悪心 (oshin) ni kí inú máa rú kéèyàn fẹ́ bì, má kà á sí "akushin". 発疹 (hosshin) ni ara sísú. 口腔 nìkan ló tún yàtọ̀: kíkà tó tẹ̀ lé kánjì ni "kōkō", àmọ́ gbogbo ilé ìwòsàn ń sọ "kōkū". Torí náà oògùn oníhóró tó ń yọ́ lẹ́nu, 口腔内崩壊錠, "kōkūnai hōkaijō" ni wàá pè é. Lára páálí, OD錠 ni wọ́n sábà máa ń ké e kúrú sí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Nagoya

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ẹ̀yìn páálí ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí a ṣe ń lò ó? Mo rí 食間, mo rò pé àárín oúnjẹ ni.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù_Osaka

Ó dára tó o béèrè, torí àṣìṣe yẹn ń ṣe èèyàn ní ibi. 食間 (shokkan) kì í ṣe ìgbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu. Àárín oúnjẹ kan sí èkejì ni, nǹkan bíi wákàtí 2 lẹ́yìn tó o jẹun, nígbà tí inú ti ṣófo. 食前 (shokuzen) ni nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó o tó jẹun. 食後 (shokugo) ni láàárín ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tó o jẹ tán. 就寝前 (shūshinmae) ni kó o tó sùn. 頓服 (tonpuku) kì í ṣe orúkọ oògùn bí wọ́n bá kọ ọ́ sára àpò oògùn: ó ń sọ pé ìgbà tí àárẹ̀ náà bá dé nìkan ni kó o lò ó, kì í ṣe lójoojúmọ́.

Wo gbólóhùn yìí, irú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn páálí oògùn tí a ń rà láìsí ìwé dókítà:

次の量を食後なるべく30分以内に、水又はお湯で、かまずに服用してください。成人(15歳以上)1回2錠、1日3回。15歳未満は服用しないこと。

次の量 (tsugi no ryō) ni ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e. なるべく (narubeku) ni bó bá ṣe ṣeé ṣe tó. 以内 (inai) ni kó má kọjá bẹ́ẹ̀. 又は (matawa) ni "tàbí". Hiragana, lẹ́tà tó ń kọ ìró nìkan, ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ níbòmíràn, àmọ́ ìwé ìjọba àti ìwé oògùn ń fi kánjì kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ 及び (oyobi), "àti". かまずに (kamazu ni) ni láìrún un lẹ́nu. 服用 (fukuyō) ni lílo oògùn tó ń gba ẹnu wọlé. Lẹ́nu, 飲む (nomu), mímu, ni gbogbo wọn, títí kan hóró oògùn. Bó o bá sọ 食べる (taberu) nípa oògùn, wọ́n á wò ọ́.

Wo ìparí náà: 服用しないこと. こと (koto) tó bá parí gbólóhùn nínú ìwé báyìí, àṣẹ ni. Kò sí "jọ̀wọ́" níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye tún wà. 以上 (ijō) ka nọ́ńbà náà mọ́ ọn, 以下 (ika) náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 未満 (miman) kò kà á mọ́ ọn. Ọmọ tó pé ọdún 15 lónìí ti wà nínú 15歳以上, ó ti kúrò nínú 15歳未満. Ìwọ̀n tó o máa fún ọmọ dúró lórí èyí, má fi ṣeré.

Kẹ́mísìrì_Tsukuba

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n mú apá kẹ́míkà.

Àwọn èròjà ìpìlẹ̀ tó parí sí 素 (so) ni kó o kọ́kọ́ mọ̀: 酸素 (sanso) ni ọ́síjìn, 水素 (suiso) ni háídírójìn, 炭素 (tanso) ni kábọ́ọ̀nù, 窒素 (chisso) ni náítírójìn, 塩素 (enso) ni kilọríìnì. Udagawa Yōan, oníṣègùn tó ń túmọ̀ ìwé àwọn ará Hólàńdì láyé Edo, ìgbà àtijọ́ kan nínú ìtàn Japan, ló ṣẹ̀dá púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1837, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hólàńdì ló sì tẹ̀ lé gẹ́lẹ́: èròjà kíkan, èròjà omi, èròjà èédú, èròjà tó ń sé èémí. 窒 tó wà nínú náítírójìn náà ló wà nínú 窒息 (chissoku), kí èémí séni. Bó o bá rí 窒息 lára sílíńdà náítírójìn ní láàbù, ewu tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn: gáàsì náà kò ní òórùn, ó sì ń lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá.

Orúkọ irin kan wá láti èdè Jámánì: ナトリウム (natoriumu) ni sódíọ̀mù, カリウム (kariumu) ni pòtásíọ̀mù. Ìtùnú ibẹ̀ ni pé wọ́n bá àmì Na àti K mu.

Orúkọ àpòpọ̀, láti ẹ̀yìn fọ́múlà ni wọ́n ti ń kà á wá sí iwájú. NaCl ni 塩化ナトリウム (enka natoriumu), NaOH ni 水酸化ナトリウム (suisanka natoriumu), CaCO₃ ni 炭酸カルシウム (tansan karushiumu), CuSO₄ ni 硫酸銅 (ryūsandō).

Ibi tó yẹ kó o dúró sí pẹ́ jù lọ ni àwọn ásíìdì tó ní kilọríìnì àti ọ́síjìn, nítorí kánjì iwájú ló ń sọ iye ọ́síjìn:

HClO: 次亜塩素酸 (jiaensosan)
HClO₂: 亜塩素酸 (aensosan)
HClO₃: 塩素酸 (ensosan)
HClO₄: 過塩素酸 (kaensosan)

亜 ń dín kan kù, 次亜 ń dín méjì kù, 過 ń fi kan kún un. Bí 硝酸 (shōsan) ṣe ń di 亜硝酸 (ashōsan) nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n 亜鉛 (aen) kò sí nínú eré yìí, síńkì ni. Kíyè sí 塩酸 (ensan), HCl tí kò ní ọ́síjìn kankan. Kánjì kan péré, 素, ló yà á sọ́tọ̀ sí 塩素酸. Ẹni tó bá gbé 塩素酸カリウム dípò 塩化カリウム ti gbé ohun tó lè bú gbàmù bó bá pàdé súgà tàbí imí ọjọ́, nígbà tí èkejì jẹ́ iyọ̀ lásán.

Àwọn 剤 ti láàbù: 酸化剤 (sankazai) ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, 還元剤 (kangenzai) ń fún ni, 乾燥剤 (kansōzai) ń fa omi gbẹ, 界面活性剤 (kaimen kasseizai) ló ń jẹ́ kí òróró àti omi gbà fún ara wọn, 中和剤 (chūwazai) ń pa agbára ásíìdì tàbí ti álíkálì rẹ́. Ohun tí a ń yọ́ nǹkan sí, 溶媒 (yōbai) ni bí ó bá jẹ́ pé ìṣesí kẹ́míkà là ń sọ, 溶剤 (yōzai) ni bí ó bá jẹ́ ohun tí a rà nínú garawa. 試薬 (shiyaku) ni kẹ́míkà tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò, wo bí ó ṣe parí sí 薬 láìjẹ́ oògùn.

Apoògùn_Kobe

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọ̀ ìlẹ̀mọ́ kún un, nítorí òfin ló pa á láṣẹ, ojú sì ń tètè rí àwọ̀ ju kánjì lọ. Oògùn ni méjì àkọ́kọ́. 毒薬 (dokuyaku): ilẹ̀ dúdú, ìlà funfun yí i ká, orúkọ rẹ̀ àti 毒 ní funfun, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa ló ń gbé. 劇薬 (gekiyaku): ilẹ̀ funfun, ìlà pupa, orúkọ rẹ̀ àti 劇 ní pupa; a kì í kó o pọ̀ mọ́ oògùn yòókù. Kẹ́míkà tí kì í ṣe oògùn ni méjì kejì, ẹ ó sì rí 医薬用外 (iyakuyōgai), "kì í ṣe fún ìwòsàn", lára wọn: 毒物 (dokubutsu) jẹ́ lẹ́tà funfun lórí pupa, 劇物 (gekibutsu) jẹ́ lẹ́tà pupa lórí funfun. 薬 tàbí 物 ló pààlà láàárín oògùn àti kẹ́míkà.

Lára ìgò tó ní àwòrán ewu, 危険 (kiken) lágbára ju 警告 (keikoku) lọ.

Atúmọ̀_Yokohama

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀tọ̀ ni wàhálà: ọ̀rọ̀ tó dún bákan náà. 消化剤 (shōkazai) ń bá ni da oúnjẹ, 消火剤 (shōkazai) ń pa iná. 用量 (yōryō) ni ìwọ̀n oògùn tí a ń lò, 容量 (yōryō) ni ìwọ̀n tí ìgò ń gbà. 制酸 (seisan) ń rọ ásíìdì inú, 青酸 (seisan) ni sáyánáìdì. 化学 àti 科学 jọ ń jẹ́ kagaku, ìdí nìyẹn tí àwọn oníkẹ́mísìrì fúnra wọn fi ń sọ "bakegaku" bí wọn kò bá fẹ́ kó rú èèyàn lójú. Bó bá ta kókó, béèrè kánjì rẹ̀: どの漢字ですか (dono kanji desu ka). Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Fífọ nǹkan mọ́ náà ní ìpele. 滅菌 (mekkin) ni kò ṣẹ́ku kòkòrò kankan. 殺菌 (sakkin) ni pípa á, láìsọ iye. 消毒 (shōdoku) ni sísọ ọ́ di aláìléwu. 除菌 (jokin) ni mímú un kúrò. Ọjà ilé lásán kò láṣẹ láti kọ 殺菌 tàbí 消毒 sára, oògùn àti 医薬部外品 (iyakubugaihin), ohun tó wà láàárín oògùn àti ọjà lásán, nìkan ló ní in. Ìdí nìyẹn tí 除菌 fi kún ṣọ́ọ̀bù.

Níti búlíìṣì: 塩素系漂白剤 (ensokei hyōhakuzai) ní 次亜塩素酸ナトリウム nínú, ó ń bó àwọ̀ aṣọ. 酸素系 (sansokei) kì í sábà bó o. Lára ti àkọ́kọ́, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ まぜるな危険 (mazeru na kiken), "má pò ó mọ́ nǹkan, ewu ń bẹ". Ohun tí wọ́n ń sọ ni ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ tí a kọ 酸性タイプ (sansei taipu) sí lára, tí 塩酸 sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì kilọríìnì ló ń jáde, ó sì lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ dé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Nagoya

Orúkọ oògùn tí wọ́n fi katakana, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àjèjì, kọ ńkọ́? Ó yẹ kó rọrùn, àmọ́ n kì í dá wọn mọ̀.

Apoògùn_Kobe

Nítorí pé gbígbọ́ tó o gbọ́ wọn nílé kọ́ ni wọ́n ń kọ. アセトアミノフェン (asetoaminofen) ni parasítámọ́ọ̀lù. Bó o bá béèrè "parasetamōru" ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ ọ́n. メチル (mechiru) àti エチル (echiru) ń fi "chi" rọ́pò "thi". メトホルミン (metohorumin) ni oògùn ìtọ̀ súgà tó lókìkí. キニーネ (kinīne) ni kuníìnì. Kọ́ wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ nípa ìparí: シリン (shirin) ni ìdílé pẹnisílìn, ジピン (jipin) ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù.

Iyọ̀ inú orúkọ náà ti yí ipò padà. Ìwé àtijọ́ kọ 塩酸 síwájú orúkọ. Láti ìgbà tí ẹ̀dà kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé òṣùwọ̀n oògùn Japan, 日本薬局方 (Nihon Yakkyokuhō), ti jáde ní 2006, 塩酸塩 (ensan'en) ti ń gbẹ̀yìn orúkọ. Oògùn kan náà ni.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù_Osaka

Fún ìdánrawò, wọ ojú òpó PMDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Japan, kó o gba 添付文書 (tenpu bunsho), ìwé àlàyé oògùn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà orí rẹ̀ kì í yí padà láti oògùn kan sí èkejì: 2 ni 禁忌 (kinki), ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó, 4 ni 効能又は効果 (kōnō matawa kōka), àìsàn tó wà fún, 6 ni 用法及び用量 (yōhō oyobi yōryō), bí a ṣe ń lò ó, 10 ni 相互作用 (sōgo sayō), bó ṣe ń bá oògùn míì jà, 11 ni 副作用 (fukusayō). Orí tí kò bá ní nǹkan nínú, wọ́n á fò ó, nọ́ńbà tó kù kò ní yẹ̀. Mú oògùn kan tó o mọ̀ dáadáa, bí アセトアミノフェン, ka orí 2, 4, 6 àti 11 nìkan. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú oògùn míì nínú ọ̀wọ́ kan náà: ìdajì ọ̀rọ̀ á ti padà wá fúnra rẹ̀. くすりのしおり (Kusuri no Shiori) ń sọ ohun kan náà fún aláìsàn ní èdè tó rọ̀, ó sì ní ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dára láti fi yẹ ara rẹ wò.

Bó o bá ń lo Anki, áàpù káàdì ìrántí, má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú káàdì. Kọ odindi gbólóhùn kúkúrú láti inú ìwé náà. Sẹ́yìn, kọ kíkà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó; ju bẹ́ẹ̀ lọ, àtúnyẹ̀wò á bò ọ́ mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta.

Kíkọ lọ́wọ́, fi í sílẹ̀ ná fún 顆, 膏, 腔, 嚥 àti 瀉. Kíkà nìkan lo nílò fún wọn báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ pàápàá ń kọ 軟こう dípò 軟膏 (nankō), oògùn ìpara. Àmọ́ 剤, 薬, 錠, 酸, 塩, 毒, 劇: kọ àwọn yẹn títí ọwọ́ á fi mọ̀ wọ́n.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Nagoya

Ẹ kú inú rere. Ìbéèrè kan ló kù: 使用期限 lára ìgò oògùn ojú, ṣé ọjọ́ tí a lè lò ó dé náà nìyẹn?

Apoògùn_Kobe

Bẹ́ẹ̀ ni, bí o kò bá tíì ṣí i. 使用期限 (shiyō kigen) ń ka ọjọ́ ìgò tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní dídì, 未開封 (mikaifū). Wá 開封後 (kaifūgo), "lẹ́yìn ṣíṣí", nínú ìwé rẹ̀, iye ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé. Fún oògùn ojú tí dókítà kọ, nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń sọ. Kọ ọjọ́ tó o ṣí i sára ìgò náà.